Aṣọ Tí Mo Fi Di Imú

Mo ti ń we àkísà mọ́ imú mi nígbà tí ọ̀gbẹ́ni Òfìfo ń yí àgbá náà bọ̀ láti ojú títì. Kì í ṣe eruku ni mo ń sá fún. Ẹ̀yin jórinjórin, àtọmọdé àtàgbà, ibẹ̀ ni irọ́ tí mo ti ń pa fún yín ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ti yẹ ẹ̀dọ̀fóró mi wò, kò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Kí n tó kú, ẹ gbọ́ òótọ́ rẹ̀.

Ẹ mọ òfin ṣọ́ọ̀bù wa. Kí a tó fi iná gé àgbá, àgbà ibẹ̀ á ṣí ìdérí rẹ̀, á fi imú wò ó. Bí ó bá gbọ́ òórùn bẹntiróòlù, a ó rọ omi kún un dé ẹnu kí a tó fọwọ́ kàn án. Àgbá tí epo kún inú rẹ̀ kò léwu tó èyí tí epo ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nínú rẹ̀, nítorí atẹ́gùn epo tó kù níbẹ̀ ló ń gbaná. Èmi ni àgbà. Imú mi ni gbogbo ilé iṣẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rọ omi kò ṣiṣẹ́, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa sì ti wá bínú láàárọ̀. Bí mo bá gbọ́ òórùn, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Òfìfo ni a ń pe ẹni tó ń ta àgbá fún wa, nítorí òfìfo àgbá ló ń tà. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, àgbá yìí, ibi tí mo ti rí i..."

Mo ní, "Ṣé mo bi ọ́ ni?"

Ó wo àkísà ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Èmi ti pa ẹnu dé, ìwọ ti di imú. Ó ku ẹni tó máa di etí."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ìdérí, mo tẹ orí sí ẹnu rẹ̀, mo sé èémí. Abẹ́rẹ́, àbúrò ìyàwó mi, tó tín-ín-rín bí orúkọ tí a sọ ọ́, ti mú iná lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó mọ́?"

"Mi ò gbóòórùn kankan."

Òótọ́ ni mo sọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é kí ó lè jẹ́ òótọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́ wò."

"Ṣé ìwọ lo wá dọ̀gá ni?"

"Rárá o. Bẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́, ó parí."

Mo ní mo fẹ́ lọ wá òòlù níta. N kò nílò òòlù. Ẹsẹ̀ mi mọ ohun tí imú mi kọ̀ láti mọ̀. N kò tíì dé ojú títì tí àgbá náà fi bú gbàmù. Ojú Abẹ́rẹ́ méjèèjì lọ.

Wọ́n ní àìmọ̀kan ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Èkúté sàn jù mí lọ. Òun kò mọ̀ ni. Èmi kọ̀ láti mọ̀.

Nígbà tí àwọn àgbà iṣẹ́ wá bi mí ìdí tí a kò fi rọ omi sí i, mo ní, "Abẹ́rẹ́ kánjú." Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ẹ gbà á, ẹ sọ ọ́ di òwe fún ọmọ iṣẹ́: "Má kánjú bí Abẹ́rẹ́ o!" Ìyàwó rẹ̀ náà gbà á. Ìṣojú mi ló ti ń sọ fún un pé, "Ìkánjú rẹ ló sọ mí di ọ̀pá ìtilẹ̀." Oúnjẹ tí obìnrin náà gbé fún mi wà níwájú mi. Mo jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kan, Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, bóyá mo kánjú lóòótọ́. Mi ò rántí dáadáa mọ́."

Mo ní, "Gbàgbé ẹ̀."

Èyí ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Mo ti gba ojú rẹ̀. Mo tún gba ohun tí ojú náà rí kẹ́yìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ ọ́ fún un, ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́. Abẹ́rẹ́ ní,

"Mo ní kẹ́ ẹ tún un gbọ́ wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mi ò kánjú."

"O ò kánjú."

Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo bẹ Abẹ́rẹ́ pé kí ó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún ná."

Ìdí nìyí tí mo fi wá. Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú òwe yín, ẹ fi tèmi sí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbéèrè tí ẹ bá rí i pé ẹ kò fẹ́ bèèrè, òun gan-an ni kí ẹ bèèrè.

Òfìfo ti kú. Nínú gbogbo ojú tó rí àgbá náà lọ́jọ́ yẹn, méjì péré ló ṣẹ́ kù tó ń ríran. Tèmi ni.