Díìsì Tí Mo Fi Ba Orúkọ Tíṣà Yẹ́misí Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà àti Èrúwà tí ẹ wá kí mi, ẹ jókòó. Àìsàn yìí ò fi bẹ́ẹ̀ fún mi láyè mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ pé Olúwayẹ́misí, tíṣà ọmọ Èrúwà, jí iṣẹ́ òyìnbó kó sínú díìsì. Irọ́ ni. Èmi Àkíbù ni mo ṣe é.

Ní 1997, èmi nìkan ni mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní àdúgbò wa, mo sì ń yangàn bí ẹni pé èmi ni mo bí kọ̀ǹpútà. Yẹ́misí máa ń gun ọ̀kadà wá bá mi lẹ́yìn iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ètò kan tó ń mú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ jáde. Ó gba ohùn àwọn àgbà àgbẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn tí kò mọ̀wé lè máa gbọ́ ọ ní kíláàsì àgbà. Ọ̀fẹ́ ló ń pín in. Mo bi í pé kí ló dé tí kò tà á.

Ó ní, "Bàbá Mùínàt, bàbá mi ò ta igi ẹ̀gẹ́ rí. Ẹni tó bá gbà á lọ gbìn, tí ẹlòmíràn bá wá tọrọ lóko tirẹ̀, òun náà á gé e fún un. Bí mo ṣe fẹ́ kí díìsì yìí máa lọ nìyẹn. Ẹ gbà á, ẹ dà á kọ, ẹ tún inú rẹ̀ ṣe, àmọ́ ẹ̀tọ́ tí mo fún yín, ẹ fún ẹni tí ẹ bá fún. Bí nǹkan kan ò bá jẹ́ kí ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má fún un rárá." Ó kọ òfin yẹn sínú díìsì, ó sì ní kí ẹni tó bá yí nǹkan padà níbẹ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ohùn máa ń gba àyè, ọ̀rọ̀ péńpé ni díìsì kan ń gbà. Mo wá rí ẹ̀yà kékeré kan n'Íbàdàn, tí wọ́n ń so mọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, tó ń tú ohùn tí wọ́n ti fún pọ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀rọ̀ gígùn á wọ díìsì kan ṣoṣo. Àmọ́ ilé iṣẹ́ òyìnbó kan ló ni ọgbọ́n rẹ̀, wọ́n ti gba ìwé ẹ̀tọ́ sí i, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ pín in láìgbàṣẹ. Yẹ́misí mi orí. "Tó bá wọ inú tiwa, ẹni tí a bá fún ò ní lè fún ẹlòmíràn mọ́. Òfin méjèèjì ò lè gbé inú díìsì kan. Ẹ jẹ́ kí n wá ọ̀nà míì." Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Àjọ kan fẹ́ wá wo iṣẹ́ náà. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà fún kíláàsì àgbà káàkiri Ìbàràpá. Mo fẹ́ kí ẹnu yà wọ́n. Mo so ẹ̀yà náà mọ́ ètò Yẹ́misí láìsọ fún un, mo sì pín díìsì náà dé Ìdèrè àti Lánlátẹ̀. Mi ò fi orúkọ mi sí i. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà tí àjọ náà rán wá ṣí inú díìsì lójú gbogbo wa. Ó ní, "Ta ló fi èyí síbẹ̀? Nǹkan oní-nǹkan ni." Ibi tí mo ti burú jù rèé. Èmi ni mo kọ́kọ́ lanu: "Ọ̀gá, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà lára rẹ̀."

Yẹ́misí wò mí. Ó mọ̀. Mo ń retí kó tú àṣírí mi. Ó ní, "Orúkọ mi ni, sà. Èmi ni màá kó o nílẹ̀."

Nígbà tí wọ́n lọ, mo bi í pé kí ló dé tí kò dárúkọ mi. Ó ní, "Tí a bá ń jà lórí ta ló ṣe é, díìsì yẹn á ṣì máa lọ káàkiri. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fúnra yín."

Àjọ náà gbé kọ̀ǹpútà wọn lọ síbòmíràn. Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gba kíláàsì àwọn ọmọdé tó ń kọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń gba díìsì náà padà, wọ́n ń pè é lólè, ó ń kí wọn. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń jẹ láfún. Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀yà tó ń tú ohùn. Ohùn rẹ̀ ń ha díẹ̀, kò sì dára tó ti òyìnbó, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ní kí ẹnikẹ́ni má pín in. Mi ò rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà tó ń pín tuntun yẹn, ó yà lọ́dọ̀ mi, ó gbé ọ̀kan sórí tábìlì. Mo ní, "Èmi náà kẹ̀?" Ó ní, "Òfin tí mo kọ síbẹ̀ ò yọ ẹnì kankan sílẹ̀, Bàbá Mùínàt. Ẹ̀yin náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i." Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ. Mo kàn kí i kú iṣẹ́, ó sì di ọ̀rọ̀ tó ń jẹ mí nínú títí dòní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ohun olóhun ṣe ọ̀làwọ́, ẹ má sì fi orúkọ ẹlòmíràn bo ẹ̀ṣẹ̀ yín. Yẹ́misí, mo rí ọ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Mùínàt ọmọ mi, lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Érúwà. Mo mọ̀ pé ọmọ Mùsùlùmí ni ọ́, àmọ́ wọ́n á gbọ́ tìẹ. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ lolè náà, kí wọ́n dá kíláàsì àwọn ọmọdé padà fún tíṣà wọn.