Ańpílì Tí Ẹ̀gbọ́n Fi Sílẹ̀

Nínú gbákà, bọ́ọ̀sì akérò kékeré tó ń ti Adjamé lọ sí Abobo, bàbá kan gbé àpótí ẹ̀rọ lé ẹsẹ̀ níwájú mi, obìnrin tó jókòó tì í sì bi í léèrè.

"Bàbá, ṣé rédíò nìyẹn?"

"Rárá, ọmọ mi. Ańpílì tó ń gbé ohùn gìtá ẹ̀gbọ́n mi sókè ni. Ti àtijọ́ ni, onígílóòbù bíi ti iná nínú. Ó gbọ́dọ̀ gbóná kó tó dún. Ó ti bàjẹ́ tipẹ́, mo wá ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn fẹ́ tún ta gìtá."

"Ṣé wọ́n padà ta á?"

"Kí n tó parí rẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n. Ìka wọn ò lè tẹ okùn mọ́. Wọ́n ní kí n ṣáà máa tàn án fún àwọn. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa gbọ́ bó ṣe ń kùn. Wọ́n á ní, 'Ó ṣì ń retí mi.'"

Ó tún un sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ó ṣì ń retí mi."

"Àwọn náà ńkọ́ báyìí?"

"A sin wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ọmọ wọn ní kò sáàyè fún ańpílì yìí nílé."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin náà mọ gìtá ta?"

"N ò mọ̀ ọ́n ta. Tí mo bá délé, màá ṣáà tàn án."