Awò Apadídán Tí Kò Pa Dídán

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ awakọ̀ ojú omi tí ẹ ń ṣe ìpàdé ní Ìjẹ̀gùn, mo kí yín. Mo ti bẹ akọ̀wé yín pé kí ó ka ìwé yìí sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó má ṣe fo gbólóhùn kan, kódà èyí tí ó bá tì mí lójú jù. Ó ti rẹ̀ mí. Dókítà sọ fún mi pé ọkàn-àyà mi ti wú, pé kí n má ṣe gun àkàsọ̀ mọ́, kí n má sì ṣe gbé ohun tí ó wúwo. Kò mọ̀ pé ohun tí ó wúwo jù lọ kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ gbé. Láti ọdún méjì ni mo ti ń gbé irọ́ kan lọ sí ọjà, tí mo ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo sì ń gbé e bọ̀ wálé. N kò lè gbé e wọ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan Nùrẹ́nì, awakọ̀ tí ẹ lé kúrò lórí omi. Ohun tí mo ṣe ni ẹ fi lé e.

Orúkọ mi ni Simeon Adébùnmí, ṣùgbọ́n Tíṣà Aláwò ni gbogbo yín ń pè mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí n tó fẹ̀yìn tì, tí mo sì ṣí ìsọ̀ awò ojú sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Ìkòtun. Nínú ìsọ̀ náà pàápàá, n kò yé jẹ́ tíṣà. Bí oníbàárà bá béèrè gógù tí ó dúdú jù lọ, n ó mú un jókòó, n ó sì là á yé e pé dúdú kọ́ ni dídára. Bí òòrùn bá bà lé ojú omi, tàbí ojú ọ̀dà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a ta padà, a sì kọ mànà sí awakọ̀ lójú. Awò dúdú lásán kàn ń ṣú ojú ni. Dídán náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní hàn. Awò gidi ní awọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú tí kì í jẹ́ kí dídán náà kọjá. Òun ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní pólàráìsì. Èmi fún un ní orúkọ tí ó bá èdè wa mu: awò apadídán, èyí tí ń pa dídán. Mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí bébà pélébé, mo ń fi àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ, mo sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá awò kọ̀ọ̀kan tí mo bá ti dán wò. Ọ̀nà ìdánwò náà kò le. Ẹ gbé awò náà síwájú ojú fóònù tí ó tàn, kí ẹ sì rọra yí i bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó, yóò dé ibì kan tí ojú fóònù náà yóò ṣókùnkùn. Bí ó bá jẹ́ ayédèrú, kò sí ohun tí yóò yí padà.

Nùrẹ́nì ni akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ó gbọ́n jù nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń gbé ní Ìjẹ̀gùn pẹ̀lú Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀, ó sì ń wa ọkọ̀ ojú omi ní ìhà Ọ̀jọ́. Ó mọ̀ pé aláwọ̀ eérú ni ó yẹ ọ̀sán gangan, pé aláwọ̀ ilẹ̀ ni ó yẹ ọjọ́ tí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run. Orúkọ tí mo fún awò náà nìkan ni ẹnu rẹ̀ kò gbà. "Tíṣà, ẹ fún mi ní apàdán kan jàre." Mo ní, "Apadídán ni. Apàdán ni ẹni tí ń pa àdán." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó ìsọ̀ mi. "Ó dáa náà! Tí mo bá pàdé àdán lójú omi, ẹ ti bá mi yanjú tiẹ̀ nìyẹn." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, gbogbo èbúté ti ń sọ pé apàdán. Mo ń bínú sí i, inú mi sì ń dùn, nítorí pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀ sẹ́nu, bí wọ́n tilẹ̀ ba ohùn rẹ̀ jẹ́.

Ìgbéraga mi ni ó bí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Godswill, tí ó ń ta awò lábẹ́ agbòòrùn ní òdìkejì títì. Ní ọjọ́ kan, oníbàárà kan mú awò tí ó rà lọ́wọ́ Godswill wá fún mi, mo dán an wò, ojú fóònù kò sì ṣókùnkùn. Mo mú oníbàárà náà lọ́wọ́, mo sọdá títì, mo sì dúró sí àárín èrò. Mo ní, "Godswill, òkùnkùn ni ò ń tà fún àwọn ènìyàn!" Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín. Godswill kò bá mi jà. Ó kàn sọ pé, "Ọ̀gá Tíṣà, ẹ rọra o. Wọ́n tà á fún èmi náà ni. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á ta irú ẹ̀ fún ẹ̀yin náà, ká wá wo ohun tí ẹ máa ṣe." Mo pòṣé, mo sì kọjá lọ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọjọ́ yẹn dé. Páálí awò tuntun kan wọlé fún mi, àwọ̀ eérú, wọ́n dán, wọ́n sì rẹwà. Mo mú ọ̀kan, mo yí i síwájú fóònù: kò sí ohun tí ó yí padà. Mo mú ìkejì àti ìkẹta. Ayédèrú ni gbogbo wọn. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe kò ju kí n dá páálí náà padà, kí n sì sọ fún àwọn oníbàárà pé awò kò tí ì dé. Ṣùgbọ́n mo gbé ojú sókè, mo sì rí Godswill lábẹ́ agbòòrùn rẹ̀ tí ó ń wo páálí náà. Ó bi mí láti òdìkejì pé, "Ọ̀gá Tíṣà, ṣé ọjà dára?" Mo dáhùn pé, "Ó dára gan-an." Níṣojú rẹ̀ ni mo ṣe mú bébà pélébé jáde, tí mo mú kálámù, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "apadídán" lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò gbàgbé àmì ohùn kan. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́: mo ń parọ́, mo sì ń rí i dájú pé irọ́ náà kò ní àṣìkọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Nùrẹ́nì wọlé. Ẹnì kan ti jókòó lé awò rẹ̀ àtijọ́ nínú ọkọ̀, ó sì fẹ́ òmíràn kíá, nítorí pé ọyẹ́ ti dé, òòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń ta sí ojú omi. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn ayédèrú náà, ó ka bébà rẹ̀, ó sì fa fóònù rẹ̀ yọ láti dán an wò bí mo ti kọ́ ọ. Mo dì í mú pẹ̀lú ohùn tíṣà. Mo ní, "Nùrẹ́nì, ṣé èmi ni o fẹ́ dán wò?" Kíá ni ó ti fóònù bọ àpò, tí ó sì dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ máà bínú, Tíṣà. Ọwọ́ mi ló yá ṣá. Tá ni mo jẹ́ tí n ó máa dán yín wò?" Ẹ̀kọ́ ilé tí àwọn òbí rẹ̀ kọ́ ọ ni mo fi dè é ní ọwọ́. Ó fi okùn so awò náà mọ́ ọrùn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀ràn fi ṣẹlẹ̀. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Nùrẹ́nì ń kó èrò bọ̀, ó sì kọ ojú sí òòrùn. Ọkọ̀ rẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ gbá òpó kan tí àwọn apẹja rì mọ́ inú omi. Mọ̀dínátù, ọ̀kan nínú àwọn èrò náà, tí ń ra ẹja yíyan wá tà ní Ìgàndò, ti gbé ọwọ́ ọ̀tún lé etí ọkọ̀. Òpó àti ọkọ̀ fún ọwọ́ náà pọ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé e ní ọrùn ọwọ́. Inú ìsọ̀ ni mo wà nígbà tí mo gbọ́. Mo mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kó ìyókù páálí náà, mo sun wọ́n, mo sì wá ojúlówó tí ó ní ìrísí kan náà rà sí ìsọ̀. Mo pe èyí ní àtúnṣe.

Nígbà náà ni ẹ ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ rántí, ṣùgbọ́n ẹ kò rí ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Alhaji Zikrullah, alága yín, ni ó jókòó sí àárín. Mọ̀dínátù sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n dì ní báńdéèjì. Ó ní, "Nígbà tí a sún mọ́ òpó yẹn, èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí i. Mo pariwo. Ojú rẹ̀ wà níbẹ̀ gan-an, kò yà!" Nùrẹ́nì dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, omi funfun báláú ni mo rí, bí ìgbà tí wọ́n ta aṣọ síwájú mi." Alága yípadà sí mi. "Tíṣà, awò tí ẹ tà fún un nìyí. Ṣé ó dáa àbí kò dáa?" Wọ́n tú okùn rẹ̀, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n nu iyọ̀ omi kúrò lójú rẹ̀. Mo fa aṣọ ìnujú yọ nínú àpò mi. Ojúlówó kan tí ó jọ ọ́, tí bébà kan náà wà lára rẹ̀, wà nínú aṣọ ìnujú náà. Mo ti gbé e síbẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Mo nu ọ̀kan, mo sì gbé ìkejì sókè. Mo yí i síwájú fóònù alága, ojú fóònù sì ṣókùnkùn, gbogbo yín sì rí i. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, awò apadídán gidi ni èyí." Mo ti ro gbólóhùn náà tẹ́lẹ̀. N kò sọ pé èyí ni mo tà. Ọ̀rọ̀-ìṣe "tà" kò sí nínú rẹ̀. Mo tan ara mi jẹ pé ẹni tí gbólóhùn rẹ̀ bá jẹ́ òtítọ́ kò parọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ gírámà, lílò tí mo sì wá lò ó nìyẹn.

Alága mí kanlẹ̀. "Tí awò bá dára, tí ojú dára, tí kò sì mutí, a jẹ́ pé ó sùn nìyẹn." Mo rò pé Nùrẹ́nì yóò pariwo, pé yóò ní kí a yẹ àpò mi wò. Ìbá ti ṣe é! Ó wò mí, ó wo awò náà, ó sì tẹ orí ba. Ó ní, "Tíṣà ò lè parọ́. Bóyá mo sùn." Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó burú jù nínú gbogbo ohun tí mo fà. Mo gba ọ̀nà omi lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tún gba ìdánilójú ojú ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní oṣù tí ó kọjá, lẹ́yìn tí dókítà bá mi sọ̀rọ̀ tán, mo wá a lọ sí ọjà Ṣáṣá, níbi tí ó ti ń ru iṣu fún àwọn oníṣòwò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Ó rọra sọ àpò iṣu kalẹ̀. N kò gbọ́ èébú kankan. Ó bi mí pé, "Tíṣà, ṣé n ò sùn?" Mo ní, "O ò sùn." Ó tún bi mí. Mo tún dáhùn. Ó wá ní, "Gbogbo ìrun tí mo ti kí, tí mo ń tọrọ àforíjì oorun yẹn! Mi ò kì í gbé Hamdalah ọmọ mi sẹ́sẹ̀ pẹ́, kí n má baà sùn lọ, kó má baà já bọ́." Ó jókòó sórí àpò iṣu, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀ láti bẹ Hàbíbátù, ó gbé àga fún mi. Ó ní, "Bàbá, mi ò ní bú yín, ẹ ti dàgbà. Àmọ́ ẹ má wá bẹ̀ wá nínú yàrá. Ojú gbogbo ayé lẹ ti da ẹrẹ̀ sí i lára, ojú gbogbo ayé ni kẹ́ ẹ ti wẹ̀ ẹ́."

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí. Awò tí Nùrẹ́nì wọ̀ ní ọjọ́ náà wà nínú àpò tí akọ̀wé dì mú. N kò ní ìgboyà láti sun òun. Ẹ yí i síwájú fóònù yín, kí olúkúlùkù rí i. Mọ̀dínátù, ọmọ mi, èmi ni ó gba ọwọ́ rẹ, kì í ṣe Nùrẹ́nì. Mo wà nílé fún ìyà yòówù tí o bá ní kí n jẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tajà, bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ jẹ́ kí ayé fi yín rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀rín ọjọ́ kan kì í pa ènìyàn. Bí oníbàárà bá sì fẹ́ dán ọjà wò, ẹ má ṣe fi ọjọ́ orí yín dí i lọ́wọ́. Ẹ̀yin àgbà, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí ẹ ṣí ìwé ìpàdé yín sí ojú ewé ọjọ́ náà, níbi tí ẹ kọ ìdájọ́ yín sí, kí ẹ fa ilà gba àárín rẹ̀, kí ẹ sì pe Nùrẹ́nì síwájú nígbà tí akọ̀wé bá ń kọ òmíràn sí abẹ́ rẹ̀ pé: ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sùn.