Kí La Fi Ń Wọn Ìgbé Ayé Ẹni Tí Wárápá Ń Ṣe?

Alága wa, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí wárápá ń ṣe àti ẹ̀yin ẹbí wọn, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè ni iṣẹ́ tí mò ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀ lónìí: mo máa ń bi aláìsàn pé báwo ni ayé ṣe rí lára rẹ̀. Ṣé ayé ṣe é wọ̀n? Títí di òní, iṣẹ́ náà ṣì ń bà mí lẹ́rù.

Àṣà wa ni pé ẹbí máa ń bá aláìsàn wọlé, ẹbí náà ló sì sábà máa ń dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan ṣe bá ọmọ rẹ̀ wá, aránṣọ tí wárápá ń ṣe. Aránṣọ náà fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ìtàn yìí. Oògùn ti ṣiṣẹ́, wárápá ò gbé e ṣánlẹ̀ mọ́. Mo ní, "Báwo layé?"

"Ayé dùn, nọ́ọ̀sì," ìyá ló fèsì. "Ó ń jẹ, ó ń sùn."

Dókítà wa, aláwàdà, ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ká kọ oògùn fún báyìí?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ọmọ náà.

"Mo fẹ́ ti ìlẹ̀kùn kí n dá wẹ̀," ló wí. "Mò ń rán aṣọ fún àwọn ìyàwó ilé káàkiri àdúgbò, síbẹ̀ ìyá mi ṣì ń dúró tì mí bí mo bá bọ́ṣọ."

"Tóo bá forí gbálẹ̀ ńkọ́?" Ìyá fèsì. "Ṣebí èmi ni mo gbé ọ nílẹ̀ lọ́jọ́sí!"

Ta la fẹ́ dá lẹ́bi nínú wọn? Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ta ló lè bá ìyá wí pé ó ń bẹ̀rù? Dókítà ní kó máa jókòó wẹ̀. Káfíńtà ilé ìwòsàn wa ṣe ìlẹ̀kùn tó ń ṣí síta sí balùwẹ̀ wọn, tí wọ́n lè ṣí láti ìta bí ọ̀ràn bá dé. Èmi ní kó máa kọrin bó bá ń wẹ̀. Bí orin bá dákẹ́, kí ìyá wọlé.

Nígbà tí wọ́n padà wá, mo tún béèrè. Ìyá ti lanu, àfi bó ṣe fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ. "Dá nọ́ọ̀sì lóhùn."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. "Ayé ti ń dùn. Ohùn mi ò dáa rárá, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dá orin, ìyá mi á máa gbè é lẹ́yìn ìlẹ̀kùn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, ẹnu sì yà mí. Kò yà mí tó ti orin yìí.

Ẹ̀yin tí mo ti jágbe mọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ forí jì mí. Ara á le, ọkàn á balẹ̀, a ò ní fi ìbẹ̀rù há ẹni tí a fẹ́ràn mọ́lé. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni.