Rádà Tó Fọ́jú sí Igun Kan

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi tí ẹ jókòó yí bẹ́ẹ̀dì mi ká, ẹ gbé ife tíì yín sílẹ̀. Dókítà ní oṣù kan ló kù fún mi. Irọ́ mi ti rìn fún ọdún méjìlá, òtítọ́ lé e bá lónìí. Gbogbo ìlú Stellenbosch ń pè mí ní Baba Fortuin, ọ̀gá áńtẹ́nà. Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Apààyàn ni mí.

Ẹ mọ iṣẹ́ wa. Rádà tí a ṣe fún èbúté Duikerbaai, ẹ̀rọ tó ń wá ọkọ̀ lójú òkun, ní ẹgbẹ̀rún áńtẹ́nà kéékèèké tó jọra, kò sì sí èyí tó lè gbé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan nínú kọ̀ǹpútà wa. Ẹyọ kan la máa ń yà sínú kọ̀ǹpútà, a ó mọ ògiri mẹ́rin yí i ká níbẹ̀, a ó ní ìgbì rédíò tó bá gba ògiri ọ̀tún jáde, kó gba ti òsì wọlé, bíi pé ẹyọ náà ń bá a lọ láìlópin. Lẹ́yìn náà la ó tẹ igun tí rádà máa wò, láti òdo, ìyẹn ọ̀kánkán, títí dé ọgọ́ta dígírì. Wákàtí mẹ́fà ni igun kan ń gbà, ọjọ́ méjì péré ló sì kù kí a gbé iṣẹ́ fún wọn. Mo ṣe òdo nìkan. Mo fọwọ́ ara mi hùmọ̀ èsì àwọn igun yòókù sínú ìwé. Ọ̀lẹ burúkú ni mí!

Zukiswa Mbethe, ẹnjiníà tuntun ọ́fíìsì wa, tún gbogbo igun ṣe láìsọ fún mi. Ó wá bá mi, ó ní, "Ọ̀gá, ní igun márùndínlógójì, gbogbo agbára tí a rán jáde ló ń padà sára wa. Rádà yìí ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ o." Mo rẹ́rìn-ín. "Zuki, ògiri ẹ ni ò bára wọn mu. Lọ tún un tò." "Mo ti tò ó lẹ́ẹ̀mẹta, sà." "Ṣé ìwọ lo máa wá kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Ó jáde, ó sì kọ ìkìlọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Lọ́dún kejì, ẹ̀rọ ọkọ̀ apẹja kan kú nínú kùrukùru. Ọ̀gá ọkọ̀ ń pariwo lórí rédíò pé, "A wà níbí! Ṣé ẹ ò rí wa ni?" Àwọn tó ń wo rádà ní èbúté dá a lóhùn pé kò sí ọkọ̀ kankan lójú rádà. Igun yẹn gan-an ni wọ́n wà. Ènìyàn mẹ́fà ló bómi lọ.

Èyí tó burú jù nìyí. Kí àwọn olùwádìí tó dé, mo yọ orúkọ mi kúrò lórí fáìlì èsì tí mo hùmọ̀, mo fi ti Zukiswa sí i, mo sì pa ìkìlọ̀ tó kọ sí mi rẹ́. Lójú gbogbo wọn, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn." Mo ní, "Ọmọdé ni, kò tíì mọ iṣẹ́." Wọ́n lé e, ẹnikẹ́ni ò sì gbà á síṣẹ́ mọ́. Mo ní mo ti tún rádà ṣe. Irọ́ ni, ìwé lásán ni mo tún kọ.

Lánàá mo pè é, mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́. Ó wá ní, "Bàbá, èmi kọ́ ló kú sómi. Rádà yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń ríran?" Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ní kí wọ́n pè yín wá.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ti ìdáríjì sílẹ̀ ná. Fáìlì èsì òótọ́ tí Zukiswa ṣe, èyí tí mo fi pamọ́ fún àwọn olùwádìí, wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn. Ẹ mú un, kí ẹ pe Duikerbaai, kí ẹ sọ fún wọn pé rádà wọn ṣì fọ́jú ní igun yẹn. Àwọn apẹja ti ń wọ ọkọ̀ báyìí. Ẹ dìde!