Èékánná Ike Tí Mo Fi Abẹ Gé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, mo kí yín o. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ, mi ò ní bu iyọ̀ sí i. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà níkùn mi, dókítà sì ti ní kí n má fi ọjọ́ gígùn sọ́kàn mọ́. Kó jáde wàyí.

Rédíò ni mo fi gbogbo ayé mi tún ṣe. Nígbà tí ọwọ́ ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ṣíbí ò dé ẹnu wọn mọ́, àbúrò mi obìnrin ní ká ṣe apá onígi kan tí á máa bá wọn gbé e. Òun ló mọ kọ̀ǹpútà nínú wa. Èmi to wáyà, òun kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á fi máa darí apá náà. Mọ́tò kan, ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan ni o, kì í ṣe ọkọ̀, tí kò ju páálí ìṣáná lọ ló ń yí apá náà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bọ́ màámi, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Mo ti rí ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í jí ẹran jẹ!"

Àmọ́ ìdajì ni mọ́tò yẹn lè yí, tó bá débẹ̀ á dúró gbọnin. Kò lè dé ibi ife omi lẹ́yìn. Àbúrò mi ti kọ àṣẹ omi sílẹ̀ de mọ́tò mìíràn tó ń bọ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ bọ́tìnnì omi yẹn o." Mo ní, "Ìwọ ọmọ àná yìí! Ṣé o ti hu eyín nígbà tí mo ti ń tú rédíò?" Agídí burúkú! Bó ṣe jáde, mo tú mọ́tò. Ike kan bí èékánná wà lára jíà, kẹ̀kẹ́ eléyín inú ẹ̀, òun ló ń dá a dúró. Mo fi abẹ gé e. Mo mọ̀ pé ohun tó ń sọ fún mọ́tò pé ibi báyìí lo dé wà nísàlẹ̀ jíà, òun náà sì ní òpin tiẹ̀. Tí mọ́tò bá kọjá òpin yẹn, kò ní mọ ibi tó wà mọ́, á kàn máa yí ṣáá ni. Mo mọ̀ ọ́n, ẹ gbọ́! Mo kàn ní kò lè le tó bẹ́ẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òǹgbẹ ń gbẹ màámi. Mo tẹ bọ́tìnnì omi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ tó bọ̀ bí ọmọ gidi. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò dúró mọ́. Ó yí fìrì, ìdí ṣíbí gbá wọn lójú. "Yéè! Ojú mi o!" Ojú ọ̀tún yẹn ò ríran mọ́.

Ẹ dúró, ibi tó burú kọ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe gbé màámi lọ sílé ìwòsàn, mo yọ mọ́tò, mo fi ìkejì ẹ̀ tí a rà pa mọ́, tí a ò tíì tú, rọ́pò. Àbúrò mi dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ní, "Mọ́tò ò ṣe nǹkan kan. Àṣẹ tí mo kọ ló ya wèrè. Bọ̀ọ̀dá mi, èmi ni mo fọ́ màámi lójú." Mo fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Mo ní kó má sunkún. Èmi ìkà!

Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́ láti ọjọ́ náà. Aṣọ ló ń lọ̀ ní ilé alágbàfọ̀ lónìí, ìtìjú ni kò sì jẹ́ kó wálé títí màámi fi kú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kú, wọ́n bi mí: "Ọmọ yẹn máa ń fara balẹ̀. Ṣé òun ló ṣe é lóòótọ́?" Mo ní, "Òun ni, màámi." Wọ́n kọjú sí ògiri.

Láàárọ̀ yìí, mo fi mọ́tò tí mo gé, àti èékánná rẹ̀, sínú páálí ìṣáná, mo fi ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ìwé yìí. Àbúrò mi, àṣẹ tó o kọ ò ya wèrè. Èmi ni. Tó o bá lè dárí jì mí, wá. Tí o ò bá lè ṣe é, ṣáà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹ padà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, tí irú ẹ̀ bá wà níkùn tiyín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má dúró títí ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún á fi kọjú sí ògiri.