Kọ̀ǹpútà Tí Ẹ Kó Dànù Nínú Yàrá Ẹrù

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Inú ń bí mi bí mo ṣe dúró yìí, mi ò sì ní parọ́ nínú ilé Rẹ̀, àmọ́ mo dúpẹ́.

Gbogbo yín mọ ìyàwó mi, Tíṣà Fúnmiláyọ̀, tó kú lọ́dún tó kọjá. Ọdún gbọọrọ ló fi ń kó ọ̀rọ̀ èdè Ọ̀wọ̀ jọ, àwọn tí àwọn ọmọ wa kò sọ mọ́. Inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi ló ń tẹ̀ wọ́n sí. Nígbà tí mo rà á, kò mọ àmì ohùn wa rárá. Èmi fúnra mi ni mo kọ pirógíráàmù tó ń lò. Mo kọ lẹ́tà wa sínú ṣíìpù kan, ẹ̀yà kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan, mo sì fi lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹ̀rọ náà. Kò sí kọ̀ǹpútà mìíràn láyé yìí tó lè ka àwọn díìsìkì tó ń kó ọ̀rọ̀ náà sí.

Òrùlé mi ń jò, ni mo bá gbé òun àti páálí díìsìkì rẹ̀ wá sí yàrá ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì lọ tọ́jú àbúrò mi tó ń ṣàìsàn ní Ìdógun. Kí n tó dé, ẹ ti kó wọn fún àwọn tó ń ra pàǹtí irin. Alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín sí mi.

“Bàbá, ẹrù àtijọ́ ni. Fóònù ọwọ́ mi lágbára jù ú lọ.”

Mo wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, mi ò kúnlẹ̀. Mo ní, “Olúwa, bí O bá jẹ́ kó ṣègbé, mi ò mọ ohun tí n óò tún bá Ọ sọ.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn onírin. Lọ́jọ́ kẹta, ní àárín ìlú, Àlàájà Sìkírátù tó ń ra irin gbé àga fún mi. Ó ní wọ́n ti ń fọ́ ẹ̀rọ náà kí wọ́n lè yọ bàbà inú rẹ̀, nígbà tí òun rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára páálí díìsìkì.

“Ìkọ̀wé Tíṣà mi ní pírámárì nìyẹn. Mo ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́.”

Ojú ẹ̀rọ náà nìkan ló fọ́. Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé mi, ó sì tàn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi kó jọ pé, títí dé èyí tó ń tẹ̀ lọ́wọ́ tí a fi gbé e lọ sọ́sípítù. Mo sunkún bí ọmọdé.

Mi ò tíì dárí ji alága. Ẹ bá mi gbàdúrà sí i. Ohun tí ìjọ Rẹ̀ kó dànù, Ọlọ́run fi mùsùlùmí obìnrin tọ́jú rẹ̀. Tirẹ̀ ni gbogbo ògo. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. Alága, ẹ̀yin náà, ẹ dìde.